Okùn 9, 10 tàbí 11? Bí ẹ ṣe máa yan okùn tó bá gìtá oníná yín mu

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé gìtá wá bá mi nílé ní Àjàṣẹ́. Okùn tuntun ló wà lórí rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gìtá yìí ti bàjẹ́ o." Mo gbé e lé itan, mo wo bíríìjì rẹ̀, irin tó di okùn mú lára gìtá, láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yìn bíríìjì ti gbé sókè bí ìdérí ìkòkò tó ń hó, okùn sì ti jìnnà sí pákó ọrùn débi pé ọwọ́ á kọ́kọ́ ro yín kí ẹ tó lè tẹ kọ́ọ̀dù kan. Gìtá kò bàjẹ́. Okùn 9 ló ń lò tẹ́lẹ̀ (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí okùn ṣe nípọn tó). Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn ló sọ fún un pé okùn tó bá ki ló ń dún dáadáa, ló bá lọ ra 11. Ó fi í síbẹ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Mo ti rí irú gìtá bẹ́ẹ̀ kọjá kíkà, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu. Èmi náà ti ṣe é rí: mo fi 11 sí gìtá ìjọ kan lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ìṣọ́ òru wà, kó tó di aago mẹ́ta òru ìka mi ti bó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Bí okùn bá yí nọ́ńbà, ọrùn, bíríìjì àti ohùn gìtá gbọ́dọ̀ yí tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá pààrọ̀ okùn láìtún ìyókù ṣe ò tíì parí iṣẹ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

– Rúlà tó ní mìlímítà.
– Fóònù tí túnà, ìyẹn ohun tó ń fi ohùn okùn hàn, wà lórí rẹ̀. Ẹ rí i pé ó wà lórí La 440 (A 440 lórí ọ̀pọ̀ fóònù).
– Kọ́kọ́rọ́ irin kékeré tó bá gìtá wá, èyí tó ní igun mẹ́fà. Tó bá ti sọnù, àwọn tó ń tún zẹ́mì (ọ̀kadà) ṣe máa ń ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ gìtá Amẹ́ríkà ló jẹ́ íǹṣì ni wọ́n fi wọn ihò kọ́kọ́rọ́ wọn, tàwọn tó ń tún zẹ́mì ṣe sì jẹ́ mìlímítà. Èyí tí kò bá wọlé ṣinṣin yóò jẹ ojú irin náà, kò sì ní ṣeé yí mọ́.
– Síkúrúdíráfà tó ní ojú àgbélébùú.
– Ẹ̀mú tó lè gé wáyà.
– Pẹ́ńsùlù, aṣọ funfun kékeré, káàdì ìdánimọ̀ oníbébà irú èyí tí àwọn oníṣòwò ń há fún èèyàn.

Okùn fúnra rẹ̀ kò sí nínú àkójọ yìí. Ẹ má tíì rà á.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ èyí tó wà lórí gìtá yín báyìí

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára pákẹ́ẹ̀tì, ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni. 10 túmọ̀ sí pé okùn tó tín-ínrín jù, ìyẹn okùn 1, nípọn tó 0.010 íǹṣì, tí í ṣe 0.25 mm. Bí ẹ bá rí 10-46, okùn 1 ni 10, okùn 6 ni 46. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Kutọnu, ẹ lè gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní "dìísì" tàbí "ọ́ńsì" lásán, ìyẹn 10 tàbí 11 lédè Faransé: okùn 1 ni wọ́n ń sọ.

Rúlà kò lè fi ìyàtọ̀ 9 àti 10 hàn, nítorí kò ju 0.025 mm lọ. Ẹ mú gìtá lọ bá àwọn tó ń gé irin ẹ́ńjìnì, wọ́n ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn irin. Kí wọ́n wọn okùn 6 fún yín, ìyàtọ̀ hàn jù níbẹ̀: 1.07 mm jẹ́ 42, 1.17 mm jẹ́ 46, nǹkan bíi 1.24 mm sì jẹ́ 49. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wọn okùn 1: 0.23 jẹ́ 9, 0.25 jẹ́ 10, 0.28 jẹ́ 11.

Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ ni pé okùn 6 nìkan ni wọ́n máa ń wọ̀n. Pákẹ́ẹ̀tì kan wà tó jẹ́ 9-46, tí okùn tínrín rẹ̀ jẹ́ ti 9, tí ńlá rẹ̀ sì jẹ́ ti 10. Okùn 6 rẹ̀ á tàn yín jẹ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà méjì lórí bébà, ti okùn 1 àti ti okùn 6. Ẹ fi bébà náà sínú àpò gìtá; tí ẹ bá yan nọ́ńbà mìíràn ní ìgbésẹ̀ 3, ẹ kọ ọ́ rọ́pò èyí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn gìtá, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ń túùnù rẹ̀ sí

Ẹ fi rúlà wọ̀n láti egungun kékeré tó wà lórí ọrùn, níbi tí okùn ń gbà bọ́ sí orí gìtá, títí dé ààrin wáyà fírẹ́ẹ̀tì 12, ìyẹn ìkejìlá nínú àwọn wáyà tó dábùú ọrùn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá rí 324 mm, gígùn okùn gìtá yín jẹ́ 648 mm, irú ti Fender Stratocaster. Bí ẹ bá rí 314 mm, ó jẹ́ 628 mm, irú ti Gibson Les Paul. N ó máa pe èkíní ní gìtá gígùn, n ó máa pe èkejì ní kúkurú.

Ó ṣe pàtàkì, nítorí okùn kan náà, ohùn kan náà, fi nǹkan bíi 6 nínú 100 rọ̀ lórí kúkurú ju ti gígùn lọ.

Ìkejì ni ibi tí ẹ ń túùnù sí. Mi, La, Re, Sol, Si, Mi ni ti gbogbo ayé. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, tí ohùn àwọn ìyá akọrin kò bá dé òkè, wọ́n máa ń sọ gbogbo okùn kalẹ̀ ní dẹ́mì-tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ìdajì tọ́ọ̀nù. Ìfà okùn yóò dín ní nǹkan bíi 11 nínú 100. Tó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù kan odindi, yóò dín ní bíi 21. Ẹ má fojú kéré rẹ̀: okùn 9 tí wọ́n sọ kalẹ̀ ní tọ́ọ̀nù kan á máa jó lójú fírẹ́ẹ̀tì bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ lè dáhùn ìbéèrè méjì láìronú. Gígùn ni àbí kúkurú? Ibo ni mo ń túùnù sí lọ́jọ́ Àìkú?

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan nọ́ńbà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Lórí gìtá gígùn tí wọ́n túùnù dáadáa, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú 9-42 ń fa ọrùn pẹ̀lú nǹkan bíi kílò 39. Ti 10-46 jẹ́ bíi 47. Ti 11-49 jẹ́ bíi 54. Àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50 ni. Ẹ fojú inú wo àpò yẹn tó rọ̀ mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹ ó mọ ìdí tí bíríìjì ọmọkùnrin yẹn fi gbéra. Ní ti ìka sì, okùn 1 nínú pákẹ́ẹ̀tì 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́rin le ju ti 9 lọ. Nọ́ńbà kan péré lẹ rí lórí pákẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín máa mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá, ẹ mú 9-42. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ọmọdé wò yín nítorí ẹ̀. Ẹni tí ìka ń dun kì í kọ́ṣẹ́ pẹ́.

Bí ẹ bá ń ta bíi ti jùjú tàbí highlife, tí ọwọ́ ọ̀tún kò dúró, tí okùn méjì-méjì ń dún pọ̀ lókè ọrùn, ẹ mú 10-46. Mo ti gbìyànjú 9 fún irú iṣẹ́ yìí: tí ará bá gbóná, tí ìlù ti wọ orin, èèyàn á fi agbára lu okùn, ohùn rẹ̀ á sì fò sókè díẹ̀ kó tó padà. 10 máa ń dúró sí àyè rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ràn láti máa fa okùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó ké bí èèyàn, 9 ló yẹ lórí gígùn, 10 lórí kúkurú.

Bí ẹ bá máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní dẹ́mì-tọ́ọ̀nù, 10 lórí gígùn, 10 tàbí 11 lórí kúkurú. Ẹ wo èyí dáadáa: 10 lórí gìtá kúkurú tí ẹ sọ kalẹ̀ ní dẹ́mì-tọ́ọ̀nù ń fà bíi 9 lórí gìtá gígùn tí ẹ kò sọ kalẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "10 lèmi ń lò," ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹ bi í pé lórí gìtá wo, níbo ló ń túùnù sí.

Tọ́ọ̀nù kan odindi sísàlẹ̀, ẹ lọ sí 11.

Ọ̀rọ̀ pé okùn tó ki ló ń dún dáadáa, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Okùn tó ki ní irin púpọ̀ lójú mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gba ohùn okùn lára gìtá, ó sì ń gbe ìlù ọwọ́ líle. Stevie Ray Vaughan, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ta blues, lo 13, ṣùgbọ́n ó sọ gìtá rẹ̀ kalẹ̀ ní dẹ́mì-tọ́ọ̀nù. Tony Iommi ti ẹgbẹ́ Black Sabbath, tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ gé orí ìka méjì rẹ̀, okùn tín-ínrín ló fi ta gìtá tó wúwo jù lọ nígbà tirẹ̀. Ọwọ́ àti áńpù ló ń ṣe púpọ̀ nínú ohùn. Ẹ yan èyí tí ìka yín lè jọba lé lórí fún wákàtí mẹ́ta.

Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà: pákẹ́ẹ̀tì gìtá onígi tí kò lo iná pọ̀ lọ́jà, okùn ńlá inú rẹ̀ pọ́n bí idẹ. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbọ́ idẹ dáadáa. Okùn 1 àti 2 á ké, mẹ́rin ìyókù kò ní dún tó wọn. Okùn ọ̀rá kò ní dún rárá. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ nickel tàbí steel sí. Tí ẹ bá ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà bíi tiwa ní Àjàṣẹ́, ẹ fi owó kún un kí ẹ ra èyí tí wọ́n fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bò. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin kì í tètè jẹ ẹ́.

Mo mọ̀ pé okùn kì í wọ́pọ̀. Lionel Loueke, ọmọ Benin tí ayé mọ̀ nínú orin jazz, ti sọ bó ṣe ń fi wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́ rọ́pò okùn tó já nígbà tí kò rí òmíràn rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lónìí. Wáyà ìjánu nípọn tó 1.5 mm, ó ju okùn 6 inú pákẹ́ẹ̀tì 10 lọ dáadáa, ó sì lè tẹ ọrùn gìtá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó: lórí okùn tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ tẹ okùn 3 ní fírẹ́ẹ̀tì 7. Túnà á fi Re hàn (D lórí ọ̀pọ̀ fóònù). Ẹ fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi di Mi, ìyẹn E. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹ kò bá dé Mi mọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ẹ sọ nọ́ńbà kalẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé tí ẹ bá kàn tẹ kọ́ọ̀dù lásán, tí ẹ ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, túnà ti ń fi hàn pé ohùn ga jù, okùn náà ti rọ̀ jù fún ọwọ́ yín, ẹ gbé nọ́ńbà sókè.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ so okùn mọ́ ọn

Ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan ni. Ẹ má gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: bíríìjì tó dúró lórí sípíríǹgì á wọlé sẹ́yìn, ọrùn á sì fò. Ẹ dẹ okùn kí ẹ tó gé e, torí èyí tó le tí wọ́n bá gé lè nà lójú ẹni. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ kọjá irin tí okùn ń wé mọ́, kó lè yí po lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Ẹ fi pẹ́ńsùlù ha inú ihò egungun orí kí okùn lè máa yọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá wà níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀ láti ààrin, ẹ túùnù, ẹ tún fà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fà á, ẹ wo túnà. Bí ohùn kò bá wá sílẹ̀ mọ́, okùn ti jókòó.

Ìgbésẹ̀ 5: Bíríìjì (tí tiyín bá ń gbọ̀n)

Tí bíríìjì yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n kàn mọ́ ara igi, ẹ fò kọjá. Tó bá ní apá irin tí ẹ ń tẹ̀ kí ohùn máa gbọ̀n, ẹ dúró níbí. Ibí ni ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pàdánù ọjọ́ Àìkú méjì.

Ẹ dojú gìtá dé, ẹ yọ páálí ṣiṣu ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí sípíríǹgì mẹ́ta sí márùn-ún. Òpin wọn kan di bíríìjì mú, òpin kejì so mọ́ irin tó dà bí èékánná, tí síkúrúù gígùn méjì fi mọ́ inú igi. Okùn ń fa bíríìjì síwájú, sípíríǹgì ń fà á sẹ́yìn. Tí ẹ bá fi okùn tó le sí i, okùn á borí, ẹ̀yìn bíríìjì á gbéra. Tó bá rọ̀, sípíríǹgì á borí, á rì.

Bó bá gbéra, ẹ yí síkúrúù méjèèjì wọlé ní ìdajì ìyípo, ìkan bí ìkejì. Gbogbo okùn á ga ní ohùn, ẹ tún un túùnù kalẹ̀. Ẹ wo bíríìjì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ tún ṣe é. Ó lè gbà yín tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ẹ ní sùúrù. Fún ọmọkùnrin yẹn, síkúrúù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí kí bíríìjì tó tẹ́, mo bá fi sípíríǹgì kẹrin kún mẹ́ta. Lójú ẹsẹ̀ ló tẹ́. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á rí i pé okùn ga, wọ́n á lọ máa sọ àwọn irin kékeré orí bíríìjì kalẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé odindi bíríìjì ló gbéra. Ẹ tẹ́ bíríìjì ná.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: pẹ̀lú okùn tó ti túùnù tán, ìsàlẹ̀ bíríìjì àti ojú gìtá dọ́gba, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ fi nǹkan bíi 3 mm péré ga, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọrùn

Ẹ tẹ okùn 6 ní fírẹ́ẹ̀tì 1, ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Ẹ wo àlàfo tó wà láàrin okùn àti orí fírẹ́ẹ̀tì 7. Bíi 0.25 mm ló yẹ, káàdì oníbébà yẹn á gba ibẹ̀ kọjá láìgbé okùn sókè púpọ̀.

Àlàfo tóbi jù? Okùn tó le ti tẹ ọrùn síwájú. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yí irin inú ọrùn lọ sí apá ọ̀tún, bí ẹ bá ń wò ó láti orí gìtá lọ sí ara. Kò sí àlàfo, okùn sì ń ké jà-à-jà ní fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́? Ẹ yí i lọ sí òsì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo ni lẹ́ẹ̀kan, ẹ túùnù, ẹ wò. Bó bá le tí kò fẹ́ yí mọ́, ẹ má fi agbára mú un. Irin tó bá já nínú ọrùn kò ṣeé tún ṣe nílé.

Ẹ̀yin tó wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ fi ti ọyẹ́ kún un. Ọyẹ́ ń fa omi inú igi gbẹ, ọrùn á tọ́, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké láìjẹ́ pé ẹ pààrọ̀ ohunkóhun. Òjò á tún tẹ̀ ẹ́ padà. Tí ẹ bá tún ọrùn ṣe láàrin oṣù Kìíní, ẹ tún wò ó nígbà tí òjò bá balẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Igi máa ń pẹ́ kó tó jókòó.

Ìgbésẹ̀ 7: Gíga okùn

Ní fírẹ́ẹ̀tì 12, láti orí wáyà dé abẹ́ okùn: nǹkan bíi 2 mm lábẹ́ okùn 6, bíi 1.5 mm lábẹ́ okùn 1. Okùn tó tín-ínrín ń gbọ̀n ká àyè tó gbòòrò, nítorí náà tí ẹ bá bọ́ láti 10 sí 9, ẹ lè gbé e sókè díẹ̀.

Ẹ wo ihò egungun orí pẹ̀lú. Okùn 11 nínú ihò tí wọ́n gé fún 9 á máa há: ẹ yí kọ́kọ́rọ́ orí gìtá tí ẹ fi ń túùnù, ohùn kò lọ, lójijì ó fò kọjá, ẹ ó gbọ́ "tíń!" kékeré. Bí pẹ́ńsùlù kò bá ràn án, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní fáìlì tín-ínrín, torí ihò tó bá jìn jù kò ní padà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ta gbogbo fírẹ́ẹ̀tì lórí okùn kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú áńpù. Jà-à-jà tí áńpù kò gbé jáde, ẹ fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ohùn lókè ọrùn

Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ gan-an lórí wáyà fírẹ́ẹ̀tì 12 láìtẹ̀ ẹ́, ẹ ta á, ẹ wo túnà. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ gan-an, ẹ ta á. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga ju ti àkọ́kọ́, ẹ yí irin kékeré okùn náà sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ sún un síwájú. Okùn 3 ló máa ń yọni lẹ́nu jù, ẹ lo àkókò díẹ̀ sí i níbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kọ́ọ̀dù Mi ńlá nísàlẹ̀ ọrùn, kí ẹ tún ta á ní fírẹ́ẹ̀tì 12. Tí méjèèjì bá bá ara wọn mu, ẹ ti parí.

Ẹ gbé e lọ síbi ìdánrawò méjì kí ẹ tó gbé e lọ síwájú ìjọ. Láti ọjọ́ náà lọ, lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá ta á, ẹ fi aṣọ funfun nu okùn lókè àti lábẹ́. Lẹ́bàá ọ̀sà, aṣọ yẹn á máa jáde pẹ̀lú ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ tí ìlà náà bá pọ́n, tí okùn sì ń ha ìka, ó ti dógùn-ún nìyẹn. Ẹ yọ bébà inú àpò gìtá, ẹ ra nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ gan-an, kí ẹ má bàa tún ti ìgbésẹ̀ 5 bẹ̀rẹ̀.